Owó Ìtọ́jú Kì í Ṣe Owó Ìwọlé: Ẹ̀tọ́ Ọmọ Lẹ́yìn tí Ìgbéyàwó Bá Tú Ká

Gbólóhùn méjì kan wà tí kò ṣàjèjì sí etí ẹni tó bá ń gbé ní agbègbè wa, láti Ìyànà-Ìbà dé Òkòkómáìkò títí wọ Ìjànìkin. Obìnrin tó ti kúrò nílé ọkọ ló sábà máa ń sọ ti àkọ́kọ́: “Bí kò bá mú owó wá, kò ní fojú kan ọmọ.” Ọkùnrin ló máa ń fi èkejì fèsì: “Bí kò bá jẹ́ kí n rí ọmọ mi, kọ́bọ̀ kò ní jáde lápò mi.” Àwọn méjèèjì a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ìwé òfin ni wọ́n ti kà á. Aládùúgbò á ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ọ̀rẹ́ níbi iṣẹ́ á ní kí wọ́n má ṣe gbà.

Kò sí òfin kankan ní ìpínlẹ̀ Èkó tó so owó àti ojú ọmọ pọ̀ lọ́nà yìí. Owó ìtọ́jú kì í ṣe owó ìwọlé tí bàbá ń san lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó rí ọmọ rẹ̀. Rírí ọmọ náà kì í ṣe ọjà tí ìyá ń tà. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọmọ ló sì ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ pínyà. Ọmọ méjì ló wà láàárín wọn: ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 9, àti obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 5. Èmi ni àbúrò ọkọ. Awẹ́lẹ́wà ni ìyàwó wa sọ mí lọ́jọ́ tí ó wọlé, kò sì tíì fi orúkọ mìíràn pè mí títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lábẹ́ òrùlé ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Nítorí náà, mo gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́nu ọ̀tún, mo gbọ́ ọ lẹ́nu òsì, mo sì bá wọn dé ibi tí a ti parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin wí. Ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007. Abala 14 nínú òfin ọdún 2003 sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti ààbò àwọn òbí rẹ̀, pé ó sì ní ẹ̀tọ́ kí àwọn òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe tó. Ó tún fi kún un pé ọmọ náà lè gba ilé-ẹjọ́ ẹbí lọ láti béèrè ẹ̀tọ́ yìí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ náà: ọmọ ni olúwa gbólóhùn. Wọn kò sọ pé ìyá ní ẹ̀tọ́ láti gba owó, wọn kò sì sọ pé bàbá ní ẹ̀tọ́ láti gba ọmọ. Bí ìyá bá wá sọ pé òun ti dárí owó náà ji bàbá, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló fi ń tọrẹ.

Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò tíì gbọ́ èyí rí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, àwọn àgbà pé jọ sí ilé ìyá wa ní Ìjànìkin. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bàbá yìí kì í pariwo, ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń dájọ́.

“Ìyàwó,” wọ́n ní, “a kò lé ọ. Ilé yìí ṣì jẹ́ ilé rẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe ẹrù tí obìnrin ń dì jáde. Ọmọ Àwórì ni wọ́n, ilé bàbá wọn ni wọn yóò gbé.”

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyàwó wa wà. “Ẹ ṣeun, bàbá mi. Mo gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò máa wẹ̀ fún wọn láàárọ̀? Bàbá wọn ń ṣe iṣẹ́ òru ní Agbára, ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù kan. Nígbà tó bá fi máa dé, iléèwé ti wọlé.”

Bàbá wo ìyá wa. Ìyá wa wo orúnkún ara wọn tí wọ́n ti fi ọ̀pá tì láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. Èmi náà kò dáhùn, nítorí pé mo mọ ibi tí ìdáhùn náà yóò já sí: orí èmi ni wọ́n ń wò.

N kò bá àwọn àgbà wa jà lórí ohun tí wọ́n sọ. Ó ní ìdí tirẹ̀. Nígbà tí agbo-ilé ṣì jẹ́ agbo-ilé, ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ kò ní gbé nílé àdáwà. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wà níbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́rin sì lè wà lórí iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ ọmú nìkan ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún ìyá, títí yóò fi já lẹ́nu ọmú. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè owó oúnjẹ ọmọ nítorí pé inú agbo-ilé ni oúnjẹ ti ń wá. Àní ní kóòtù ìbílẹ̀ ayé àwọn amúnisìn, owó tí wọ́n ń jà lé lórí jù ni owó orí tí ọkọ tuntun yóò dá padà fún ọkọ àárọ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ́ àti Àgbádárìgì ṣì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1967, ìjọba ibẹ̀ ti gbé ìlànà kan jáde lọ́dún 1958 lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti àbójútó ọmọ. Nítorí náà, kì í ṣe òní ni àwọn tó ń ṣèjọba ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ nílò ìlànà tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n agbo-ilé wo ló kù ní Ìjànìkin? Yàrá kan àti pálọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, nínú ilé tí ilẹ̀kùn mẹ́wàá kọjú síra wọn, ti ayálégbé tó ti ìpínlẹ̀ mẹ́fà wá. Ọ̀rọ̀ àgbà ṣì wà níbẹ̀. Agbo-ilé tí ọ̀rọ̀ náà dúró lé lórí ni kò sí mọ́.

Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà ti gba ibẹ̀ kọjá tipẹ́. Nínú ẹjọ́ Okwueze àti Okwueze lọ́dún 1989, wọ́n gbà pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣà ilẹ̀ wa, bàbá ló ni ọmọ tí a bí sínú ìgbéyàwó. Wọn kò sẹ́ àṣà. Ohun tí wọ́n fi kún un ni pé ilé-ẹjọ́ kò ní fi ọwọ́ sí ẹ̀tọ́ bàbá náà níbi tí ó bá ti máa pa ire ọmọ lára. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, nínú ẹjọ́ Williams àti Williams, wọ́n ti fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Odogu àti Odogu, ọdún 1992. Adájọ́ sọ níbẹ̀ pé kì í ṣe aṣọ tó dára, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ amúlétutù ni ire ọmọ. Ìdùnnú ọmọ náà àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń dàgbà ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n tún sọ pé a kì í fi ọmọ san ẹ̀san rere fún òbí kan, a kì í sì í fi jẹ òbí kejì níyà. Èyí ni pé bí ìyá bá tilẹ̀ jẹ̀bi ìtúká ìgbéyàwó, ìyẹn nìkan kò tó láti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí bàbá bá sì lówó ju ìyá lọ, ìyẹn nìkan kò tó láti kó ọmọ fún un. Owó bàbá lè dé ibi tí ọmọ wà láìjẹ́ pé ọmọ dé ibi tí owó wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni ìbéèrè pé kóòtù wo ni kí wọ́n lọ. Ẹ bi ara yín pé irú ìgbéyàwó wo ni ẹ ṣe. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tàbí yìgì Mùsùlùmí nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ni ẹjọ́ náà sábà máa ń dé, irú èyí tó wà ní Ìgàndò àti ní Àjàrá ní Àgbádárìgì tí a máa ń ka ìròyìn wọn. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó, ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u ká, lábẹ́ Òfin Ẹjọ́ Ìgbéyàwó ti ọdún 1970. Ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó ní ẹ̀ka kan ní Àgbádárìgì, nítorí náà kì í ṣe dandan kí ará Ìjànìkin ka ìrìn Ìkejà sí ìdènà.

Èyí tó ń dà wọ́n láàmú jù ni ti àwọn tó ṣe méjèèjì: ìdána lọ́jọ́ Ẹtì, rẹ́jísìrì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ìjà dé, wọ́n á gba kóòtù ìbílẹ̀ lọ nítorí pé kò ná wọn lówó púpọ̀, wọ́n á gba ìwé pé ìgbéyàwó ti tú ká, wọ́n á sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ìwé náà kò tú ti rẹ́jísìrì. Lójú òfin, tọkọtaya ni wọ́n ṣì jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ṣègbéyàwó, ẹ tọ́jú ìwé rẹ́jísìrì yín dáadáa bí ẹ bá ṣe é. Òun ni yóò sọ ilẹ̀kùn tí ẹ máa kàn, bí ó bá di ọjọ́ tí a kò gbàdúrà fún.

Àwọn tí kò ṣe ìgbéyàwó kankan ńkọ́? Ọmọ wọn kò pàdánù ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ nítorí ìyẹn. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 42, kò gbà kí a fi ohunkóhun du ẹnikẹ́ni nítorí bí a ṣe bí i. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ìyá ló kọ́kọ́ ní ojúṣe òbí lórí ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó, bàbá sì lè gba tirẹ̀ nílé-ẹjọ́ tàbí nípa àdéhùn pẹ̀lú ìyá. Bí bàbá bá ní òun kọ́ ló ni ọmọ, ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ẹbí tí òfin yìí dá sílẹ̀, ní ìpele Májísíréètì àti ti ilé-ẹjọ́ gíga, ni wọn yóò gbà lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó. Eélòó? Ìbéèrè yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń bi mí, bí ẹni pé iye kan wà lára ògiri kóòtù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lára ògiri lóòótọ́: àjọ ìjọba tó ń rí sí owó ọmọ níbẹ̀ máa ń ka ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí òbí ń gbà lọ́sẹ̀ fún ọmọ kan, ìdá 16 fún ọmọ méjì, ìdá 19 fún mẹ́ta sókè, fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ju 800 pọ́n-ùn lọ lọ́sẹ̀. Àwa kò ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Abala 70 nínú òfin ọdún 1970 fi í sọ́wọ́ adájọ́: kí ó wo ohun tí òbí kọ̀ọ̀kan ní, ohun tí ó lágbára láti rí, ìwà wọn, àti àwọn nǹkan mìíràn tó bá yẹ. Adájọ́ lè ní kí wọ́n san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lóṣooṣù, tàbí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ibi tí òfin náà ti sọ pé ọkùnrin nìkan ni yóò san. Bí ìyá bá lówó jù, tí ọmọ sì wà lọ́dọ̀ bàbá, àṣẹ lè bọ́ sórí ìyá. Òfin yìí kò sì dá owó náà dúró lọ́dún 18 bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ọdún 21 ló fi pààlà sí, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà tí ó fi yẹ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé kò sí ìṣirò, ẹni tó bá mú ìṣirò tirẹ̀ wá ló máa ń borí. Nílé wa, ẹ̀gbọ́n mi ní 20,000 náírà lóṣù ni agbára òun mọ. Ìyàwó wa ní 100,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ju iye méjèèjì síra wọn lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, mo ra ìwé ogójì ojú-ewé, mo ní kí ìyàwó wa kọ gbogbo ohun tí àwọn ọmọ náà ń ná sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko, kí ó má fi ti ara rẹ̀ kún un. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejì.

“Awẹ́lẹ́wà, ṣé kí n kọ páfù tí wọ́n jẹ nígbà tí wọ́n ń tiléèwé bọ̀?”

“Ẹ kọ ọ́.”

“Páfù igba náírà?”

“Ìyàwó mi, lójoojúmọ́ ni àbí lẹ́ẹ̀kan?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ó yẹ kí n ti máa kọ ọ́ tipẹ́.”

Nígbà tí oṣù parí, oúnjẹ jẹ́ 60,000. Kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí iléèwé àti àbọ̀ jẹ́ 16,000. Ọṣẹ, oògùn, irun, bàtà tó já àti páfù jẹ́ 14,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90,000 náírà fún ọmọ méjì, láì tíì ka owó iléèwé. Iye yìí kò bá ti ẹnì kankan mu nínú àwọn méjèèjì, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n lè gbà á. 140,000 ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbà. Owó tí ìyàwó wa ń rí níbi tí ó ti ń ta aṣọ ní Ìyànà-Ìbà kò tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í dúró lójú kan. Wọ́n pín in: 55,000 lọ́rùn bàbá, 35,000 lọ́rùn ìyá. Bàbá ni yóò san owó iléèwé tààrà sí àkáǹtì iléèwé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ìyá ni yóò ra ìwé àti aṣọ iléèwé. Ohun tó kù sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 85,000. Ó bá owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìpínlẹ̀ Èkó kéde lọ́dún 2024 mu rẹ́gí, ó sì fi ìyẹn dá wa lẹ́rìn-ín pé òun ti di òṣìṣẹ́ ìjọba.

A kò ṣe é lórí ìjókòó ilé. Ìlàjà ẹbí ti gbìyànjú, ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni yóò máa sọ̀rọ̀, ìyàwó yóò sì máa kúnlẹ̀. Ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ kò lè ṣe ìṣirò owó dáadáa. Citizens' Mediation Centre, tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́, ni a gbà lọ. Wọn kì í gba owó. Ẹni tó ní ẹ̀dùn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi ìwé pe ẹnì kejì, olùlàjà á sì jókòó pẹ̀lú àwọn méjèèjì lórí àga kan náà. Kì í ṣe ẹjọ́, wọn kì í dájọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé. Fún ẹni tí ó bá nílò agbẹjọ́rò tí kò sì lágbára láti gbà á, Office of the Public Defender wà, ti ìpínlẹ̀ Èkó bákan náà. Ìjọba àpapọ̀ náà ní Legal Aid Council. Mo mọ obìnrin tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí ó lè san owó lọ́yà, nígbà tí èyí wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé àdéhùn dára, àmọ́ àṣẹ ilé-ẹjọ́ ló ní eyín. Ẹ mú àdéhùn náà lọ síwájú adájọ́ kí ó sọ ọ́ di ìdájọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá san owó ti rú òfin ilé-ẹjọ́, a sì lè padà lọ kí wọ́n fi agbára gbà á: wọ́n lè gba owó náà láti inú àkáǹtì rẹ̀, wọ́n sì lè bá a wí fún àìgbọràn. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹnì kejì rí ọmọ ti rú òfin kan náà. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ rí i pé gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ yẹn kò ran ẹni tó ń sọ wọ́n lọ́wọ́. Ìyá tó ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá tí kò san owó ti fi ẹ̀bi tirẹ̀ kún ti bàbá, nígbà tí ó bá sì dé kóòtù, ẹ̀bi méjì ni adájọ́ yóò gbọ́ dípò ẹyọ kan. Bàbá tí kò san owó nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ó rí ọmọ ti ṣe ohun kan náà. Ẹ san owó, kí ẹ sì fi ìwé béèrè ọmọ. Tàbí ẹ jẹ́ kí ó rí ọmọ, kí ẹ sì fi ìwé béèrè owó.

Ẹ má ṣe fi owó náà rán ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò yín. Ẹ fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì sí àkáǹtì, kí ẹ sì kọ “owó ìtọ́jú ọmọ” àti orúkọ oṣù náà sí i. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa ń gbé owó lé ìyá ìyàwó rẹ̀ àná lọ́wọ́ fún ọdún kan ààbọ̀, tọkàntọkàn. Nígbà tí ìjà dé, ìyá ìyàwó kò rántí. Àlẹ́ẹ̀tì kì í gbàgbé. Bí nǹkan bá sì yí padà, bí iṣẹ́ bá bọ́ tàbí tí àìsàn bá dé, ẹ má kàn dín owó kù fúnra yín. Adájọ́ tó pàṣẹ lè yí àṣẹ náà padà, ẹ lọ béèrè kí gbèsè tó gorí ara wọn.

Ní ti rírí ọmọ, ohun tí wọ́n máa ń kọ ni “kí bàbá máa rí wọn nígbà tó bá yẹ.” Ìjà ni gbólóhùn yẹn ń bí. Ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi rí báyìí: òpin ọ̀sẹ̀ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí aago márùn-ún ọjọ́ Àìkú, ìdajì ìsinmi gígùn, fóònù lálẹ́ Ọjọ́rú, Kérésìmesì lọ́dún kan, ọdún tuntun lọ́dún kejì. Ẹni tí àwọn ọmọ ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò wá mú wọn. Wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé wákàtí méjì tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Àgbádárìgì bá gbà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá mọ iwájú LASU nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò mọ ìdí tí a fi kọ ìyẹn.

Àdájọ́ lè ṣe ju èyí lọ. Ó lè ní kí òṣìṣẹ́ ìgbé-ayé-ìrọ̀rùn lọ wo ilé méjèèjì kí ó tó pàṣẹ. Ó lè fi ọmọ sí ìkáwọ́ ẹlòmíràn, bí ìyá àgbà, bí kò bá sí èyí tó yẹ nínú àwọn òbí. Níbi tí ìlù tàbí ìfipábánilòpọ̀ bá wà, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ nípa ṣíṣí ilẹ̀kùn kò kan ibẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2007 lórí ìwà ipá nínú ilé fàyè gba àṣẹ ààbò, ó sì ka dídá owó bùkátà dúró láìnídìí mọ́ ìwà ipá pẹ̀lú. Àjọ tí ìpínlẹ̀ yìí dá sílẹ̀ lórí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ọ̀rọ̀ ìlàjà kò sí níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ jápa, nítorí pé wọ́n pọ̀ láàárín ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Bí ẹ bá fẹ́ gba páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún ọmọdé, wọn yóò béèrè ìwé ìyọ̀ǹda òbí. Bí òbí kan bá kọ̀, kì í ṣe kí ẹ wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí i dípò rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ni kí ẹ ti lọ béèrè àṣẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hàn níbẹ̀ bí ọmọ náà yóò ṣe máa bá òbí tó kù nílé sọ̀rọ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ pé bàbá ló ń lọ, tí ọmọ dúró ní Ìjànìkin, ẹ má fi ọkàn sí i pé àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo mẹ́nu bà yóò gba owó náà fún yín. Ọmọ àti àwọn òbí méjèèjì ni ó sábà yẹ kí wọ́n máa gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí àjọ náà tó lè dá sí i. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá jẹ gbèsè owó ọmọ ju 2,500 dọ́là lọ kò lè gba páspọ́ọ̀tù ibẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè tí ilé-ẹjọ́ ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń kà. Láàárín àwa àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà kan wà tí ó ti òfin wọn ti ọdún 1920 wá, tí a fi lè fi àṣẹ owó ìtọ́jú láti ilé-ẹjọ́ níbí ránṣẹ́ sí ilé-ẹjọ́ ọ̀hún. Àṣẹ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ìlérí tí ó ṣe ní pápákọ̀ òfurufú Ìkejà ránṣẹ́. Nítorí náà, kí tíkẹ́ẹ̀tì tó jáde, ẹ jẹ́ kí adájọ́ ti fọwọ́ sí iye náà, ọjọ́ tí yóò máa wọlé, àti àkáǹtì tí yóò máa wọ̀.